Ìsinmi Ni Wọ́n Ní Kí N Lọ Ṣe

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará! Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọkọ̀ rí, tí ẹ ti bímọ rí, tí ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ fún ìyàwó yín rí pé "ó dáa, a ó lọ," ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí ẹ̀yin nìkan ni ohun tó ṣe mí lè yé. Àwọn tó ń lọ sí Dubai lọ gun ràkúnmí ya fọ́tò, kí wọ́n kọjá sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n.

Kí ni mo ṣe fún ayé gan-an? Ẹ bá mi bi í. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti ń jí ní ìdájí, tí mò ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí mò ń gba owó oṣù tí kì í pé ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò jí ti ẹnikẹ́ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni du oyè. Ìgbà tó wá di ìparí ọdún, gbogbo wọn panu pọ̀ lé mi lórí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ wo ojú mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ó ti rẹ̀ yín, ẹ lọ sinmi díẹ̀." Dókítà tó wọn ìfúnpá mi ní kí n lọ sinmi. Ìyá Ìbejì ní kí n sinmi. Kódà obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa, tí mo jẹ ní gbèsè, òun náà ní, "Ẹ lọ sinmi o, Dádì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sanwó mi ná." Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ti ń ti ẹnu oríṣiríṣi èèyàn jáde láìyẹ̀, ìpàdé ni wọ́n ti ṣe, wọn ò kàn pè mí síbẹ̀ ni.

Ibo wá ni tálákà ti ń sinmi? Dọ́là kan kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024, bẹntiróò tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 kí wọ́n tó kéde yíyọ owó ìrànwọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 náà wọ ₦1,000 kọjá lọ́dún 2024 yẹn, mo sì rò pé ìyẹn ti tó láti jẹ́ kí ìyàwó ilé jókòó jẹ́ẹ́. Kò jókòó. Ìyá Ìbejì ní, "Bí owó wa ò bá lè gbé wa dé òkè òkun, ṣebí ó yẹ kó gbé wa dé Òkè-Ògùn." Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. A ó sùn ní Ìsẹ́yìn, a ó ra aṣọ òfì lọ́wọ́ àwọn tó ń hun ún gan-an. A ó gun òkè Adó-Àwáyè lọ wo Adágún Ìyàkẹ́, omi tó jókòó sórí àpáta, èyí tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé débi pé Hanging Lake tó wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń fi í wé. A ó kọjá sí Ṣakí, nílé bàbá mi, lọ ṣọdún Kérésì. A ó wá yà sí Ìgbòho, tó ti jẹ́ olú-ìlú Ọ̀yọ́ rí, lọ wo Igbó Ọba tí wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí. Nísàlẹ̀ ìwé náà ó fi báírò pupa kọ ÌGBÁDÙN, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Bóyá ìlà kejì yẹn ló bí ayé nínú, mi ò mọ̀.

Mẹkáníìkì mi n'Ìbàdàn yẹ ọkọ̀ wò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé, ó fọwọ́ lù ú gbì-gbì, ó ní, "Alàgbà, mọ́tò yìí lè dé Sókótó."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn láyé ìjọ́sí, ẹ mọ iye ọkọ̀ tí ọ̀nà yẹn ti sọ di àkùfọ́. Kìlómítà 65 ni lórí ìwé, ìyà tó wà níbẹ̀ ju ti 650 lọ. Wọ́n wá ṣe é, ọ̀dà ń dán gbinrin, ẹ̀ẹ́ fẹ́ tẹ́ ẹní sùn lé e. Mo ní orí mi gbè mí lónìí. Àṣé ọkọ̀ ló ń dúró dè mí! A kọjá Ìjàyè díẹ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ bí arúgbó tí ọyẹ́ mú, èéfín ń tú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, Ìdòwú ń pariwo pé "Dádì, iná!", Ìyá Ìbejì ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ bá mi rò ó o! Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà yẹn fi bàjẹ́, ọkọ̀ mi kò dákú síbẹ̀ rí, ìgbà tí wọ́n tún un ṣe tán, tí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú tó máa ń rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti bá èèyàn ti ọkọ̀ ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ, ìgbà yẹn gan-an ló dáṣẹ́ sílẹ̀! Mo pe mẹkáníìkì mi lórí fóònù. Mo ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé mọ́tò yìí lè dé Sókótó?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Alàgbà, Sókótó ni mo sọ, mi ò dárúkọ Ìsẹ́yìn."

Ọlọ́kadà kan ló lọ gbé mẹkáníìkì mìíràn wá fún wa láti abúlé. Ọmọdé lásán. Ó kọ́kọ́ wo bàtà mi, bàtà tuntun tí Ìyá Ìbejì fi tipátipá rà fún mi nítorí ìrìn-àjò, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé owó iṣẹ́ ti lé kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó yọ irin kékeré kan, ó nu ún sára ṣòkòtò rẹ̀, ó nà án sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ fojú ara yín rí i." Mo gbà á. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, mo gbé e sókè sí oòrùn, mo mi orí, mo ní, "Háà!" Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Mi ò mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ ni tàbí ó dáa, mi ò mọ̀ bóyá inú ọkọ̀ mi ló ti yọ ọ́ tàbí inú àpò ara rẹ̀. Mo sanwó.

Ibi tí a jókòó sí lábẹ́ igi káṣú tí à ń dúró dè é ni wàrà ti kọjá. Wàrà díndín, ata wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ ń jó lọ jó bọ̀. Gbogbo wa la jẹ ẹ́. Ìyá Ìbejì jẹ, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mẹkáníìkì jẹ ju gbogbo wa lọ, èmi ni mo sì sanwó tirẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan, ó ṣì ń lá ọwọ́ nígbà tí a ń lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó rí òrùlé Ìsẹ́yìn, Táyé ní, "Dádì, inú ń rú mi," kí n tó dáhùn ó ti bì, ibo ló sì bì sí? Fìlà mi! Fìlà òfì tí mo tọ́jú sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, tí mo fẹ́ dé wọ Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn tó ń hun òfì, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn gidi ló dé! Kẹ́hìndé wá wo Táyé. Ó wò ó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbejì nílé, mi ò ní láti sọ ìyókù fún yín.

Alẹ́ la dé ilé ìtura. Mi ò ní sọ orúkọ wọn, àwọn náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ọyẹ́ ń bẹ lóde, ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ bọ̀ tó sì dé Òkè-Ògùn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín nísàlẹ̀, ètè mi ti là, imú Ìdòwú ti ṣẹ̀jẹ̀. A wọ yàrá, fáànù ń yí lókè tagbára-tagbára. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ó ń yí. Mo tún un tẹ̀. Ó ń yí. Mo pe ọmọ tó ń ṣọ́ ilé, ó wo fáànù, ó wo èmi, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, kò ṣeé pa. Tí wọ́n bá mú iná lọ, á kú fúnra rẹ̀." Ọkàn mi balẹ̀, torí mo mọ orílẹ̀-èdè mi. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo ń dúró de kí wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, ẹ gbọ́ o! Wọn ò mú un lọ! Iná tí kì í lò tó wákàtí mẹ́ta nílé mi, iná tí mò ń sanwó rẹ̀ ní òkùnkùn, òru ọjọ́ yẹn ló rántí pé iṣẹ́ òun ni láti tàn, ó tàn títí ilẹ̀ fi mọ́, fáànù ń fẹ́ ọyẹ́ lé ọyẹ́ lórí, gbogbo wa ká jọ sábẹ́ aṣọ ìbora kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ mi kò kàn, eyín mi ń lu ara wọn, Ìyá Ìbejì ní òun ò lè sùn torí ariwo eyín mi.

Ilẹ̀ mọ́, Ìdòwú kò lè la ojú. Ojú ọmọ ti wú, ipín ti dì í pa. Àpólò! Ẹ sáà mọ àpólò. Ọdún 1969, ọdún tí àwọn Amẹ́ríkà fi Apollo 11 lọ sí òṣùpá, lọ́dún kan náà ni àrùn ojú yẹn bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, àwọn èèyàn sì fi orúkọ ọkọ̀ òfurufú náà pè é, ó ti ń rìn kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ìgbà náà. Mo wá ń bi yín: kí ni èmi bá òṣùpá dà pọ̀? Àwọn tó lọ síbẹ̀ padà délé láyọ̀, wọ́n kí wọn káàbọ̀ kárí ayé, èmi tí mi ò tíì dé Ṣakí ni mò ń ru ẹrù àpólò! Kí oòrùn tó kan àtàrí, ojú Táyé ti pọ́n, ti Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e, ti Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé ti Kẹ́hìndé, mo wo dígí, mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí mi ò ní jẹ́ kó wọ ilé mi.

Ẹ̀yin tí orí yín pé á ní kí a padà sílé. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì ṣí ìwé rẹ̀, ó fìka lu ìlà méjì abẹ́ ÌGBÁDÙN, ó ní, "A ti san owó ilé ìtura." A lọ ra awò dúdú lọ́jà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń tà á rí ojú wa, ó sún sẹ́yìn, ó lé owó sí i, ó wá fi orí ìka méjì gba owó náà, ó sọ ọ́ sínú ìgò sánítáísà. Báyìí la ṣe kó ara wa lọ sí Adó-Àwáyè, ìdílé afọ́jú olówó.

Òkè yẹn ní àtẹ̀gùn tó lé ní 300. Ẹ jẹ́ kí n tún un wí: ó lé ní 300. Wọ́n gbẹ́ ẹ lọ sókè, ẹ máa gùn ún, ẹ máa rò pé ẹ ti dé, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Èmi nínú àwọn tó jẹ wàrà ni inú mi ti dákẹ́ láti àná, mo ti ń fọ́nnu fáwọn ọmọ pé inú àgbà ni tèmi, ó ti gba irú ẹ̀ mọ́ra. Inú ti gbọ́ ọ! Ó kàn ń dúró de ibi tí mi ò ti ní rí ṣáláńgá ni. A dé orí òkè, atẹ́gùn ń fẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ọ̀nà hàn wá ń ṣàlàyé, inú mi kù rìrì. Mo dúró. Mo wo apá ọ̀tún, igbó díẹ̀ wà níbẹ̀, mo yà síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ibẹ̀ yẹn ọ̀nà Iṣagẹ ni." Ìyẹn àpáta ńlá kan tó fi etí dúró sórí ẹlòmíràn, tí ẹ ó ní á já lulẹ̀ báyìí, tí kò já láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹni ọ̀wọ̀ ni láàárín wọn. Mo bẹ Iṣagẹ, mo kọjú sí apá òsì. Ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín! Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà lẹ dúró lé." Lóòótọ́ ni, ihò tó ní àwòrán ẹsẹ̀ wà nínú òkúta, omi wà nínú rẹ̀. Mo fò sẹ́yìn. Ó ní adágún Ìyá Aláro ló wà lẹ́yìn mi. Mo wo ẹ̀yìn pátápátá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń gòkè bọ̀ tàwọn ti kámẹ́rà. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo òkè yẹn, gbogbo gbogbo rẹ̀, kò sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tí kì í ṣe ilẹ̀ mímọ́ tàbí ojú ọ̀nà!

Mo sáré. Àtẹ̀gùn tó gbà mí lákòókò púpọ̀ láti gùn, mi ò mọ̀ bí mo ṣe sọ̀ ọ́, mo sáà ń gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń pariwo lókè pé, "Bàbá yìí mà lágbára o!" Mo já sínú agbo ilé àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ẹ káàsán, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣáláńgá yín." Ó gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn." Mo ní, "Ó o, Màmá, ṣáláńgá." Ó ní, "Ẹ kú ọyẹ́." Mo ní, "Ẹ kú ọyẹ́, Màmá, ṣá…" Ó ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n wà." Ó ní, "Ìyàwó ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà lórí òkè." Ó ní, "Ọmọ ibo ni yín?" Mo ní, "Ṣakí." Inú rẹ̀ dùn! Ó gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀! Ó ní, "Ṣakí! Àdúgbò wo? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé ọkọ níbẹ̀." Òógùn tútù ń yọ lára mi, mo ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, mo ń sọ èkejì kalẹ̀, mo ń ka orúkọ àwọn baba ńlá mi fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ baba tó bí baba bàbá mi ló tó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo júbà àṣà Yorùbá. Kò sí ohun tí mo ní sí ìkíni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn àgbà fi àyè sílẹ̀ fún pàjáwìrì.

Nítorí náà, mi ò rí Ìyàkẹ́. Mo wa ọkọ̀, mo ra epo ní iye tí ẹ mọ̀, mo gun àtẹ̀gùn tó lé ní 300, mi ò rí i. Àwọn tó kù rí i, wọ́n ní omi ni, ojú ń ta wọ́n ni wọn ò fi lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ẹ fi mí sílẹ̀. Ìpapó, Òtù, Tedé, Àgó-Àrẹ, mo mọ orúkọ gbogbo ihò tó wà láàárín wọn. Ọkọ̀ mi ńkọ́? Ó ń lọ geere! Ọkọ̀ tó kú lórí ọ̀dà tuntun ń fò lórí kòtò, ń korin, kò sí ibi kan tó ń dùn ún. Kì í ṣe ojú lásán.

Ẹ sì mọ̀ pé apá ibẹ̀ súnmọ́ ẹnubodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà àwọn aláṣọ ìjọba pọ̀ lójú ọ̀nà ju igi òrí lọ. Àwọn kan wọ aṣọ dúdú, àwọn kan wọ àwọ̀ eérú, àwọn kan wọ àwọ̀ ewé, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo ṣì fẹ́ gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn dá wa dúró. Ó ní kí n yọ awò ojú mi. Mo yọ ọ́. Ó fò sẹ́yìn, ó ní, "Kí lo mu?" Mo ní mi ò mu nǹkan kan, àpólò ni. Ó ní kí Ìyá Ìbejì yọ tirẹ̀. Ó yọ ọ́. Ó yí sí àwọn ọmọ. Wọ́n yọ ọ́. Ó ní, "Gbogbo yín lẹ jọ mu ún?!"

Ó ṣí bùútù, ó rí ìrẹsì, àpò kan tí mo rà ní Bódìjà fún ọdún. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ìrẹsì fàyàwọ́ ni, ṣé mi ò mọ̀ pé láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìrẹsì òkèèrè gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́? Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ wo ojú ọkọ̀ yìí, ibo ló kọ sí?" Ó ní, "Ṣakí." Mo ní, "Ibo ni bodà wà?" Ó ní, "Apá Ṣakí lọ́hùn-ún." Mo ní, "Ṣé ẹni tó ń ṣe fàyàwọ́ ìrẹsì á rà á n'Ìbàdàn, á wá gbé e lọ sí bodà tí ìrẹsì ti ń wá? Tí mo bá débẹ̀, ta ni mo fẹ́ tà á fún?" Ó ronú. Mo rí i pé ó ronú. Ó ní, "Ọgbọ́n tuntun tí ẹ gbé dé nìyẹn." Mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àpò ìrẹsì tó wọ Ṣakí kò wúwo tó èyí tó kúrò ní Bódìjà.

Bí mo ṣe wọ ilé bàbá mi ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Àwọn ará ilé ti ra ewúrẹ́ sílẹ̀ nítorí mi! Nítorí èmi ọmọ wọn tó ti pẹ́ tó ti wálé! Wọ́n pa á, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dín in, àmàlà ń fẹ́ lẹ́ẹ́ẹ́, gbẹ̀gìrì ń dà lé e lórí, òórùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi lórí ẹní, ẹ̀kọ mímu ni wọ́n gbé fún mi. Ẹ̀kọ mímu! Àwọn tó jẹ ewúrẹ́ mi ń wọlé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá ń dán ní ètè wọn, wọ́n ń kí mi pé, "Ẹ kú ewu, ara á yá," wọ́n sì ń fi eegun ta eyín.

Kò sì sí ẹni tó wọlé láìmú oògùn lọ́wọ́. Ìyá kan mú efinrin wá fún inú. Ọ̀kan mú àgbo ibà. Ọ̀kan ní omi àlùbọ́sà ló ń pa àpólò, ó sì kán an sí mi lójú kí n tó lè sọ pé rárá, igbe tí mo ké, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà. Olóògùn kẹ́mísì ní ibà lásán kọ́, jẹ̀funjẹ̀fun wà nínú rẹ̀, ó rí i lójú mi, ojú tí ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣe é. Ìyá Ìbejì nìkan ló ṣe ohun tó mọ́gbọ́n dání: ó wọn omi lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kílíníìkì àwọn aboyún, ó ń bu ú fún èmi àtàwọn ọmọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà wò ó títí. Wọ́n ní ìyàwó yín ò rówó ra oògùn ni?

Lóru, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, wá jókòó tì mí. Ó ní, "Ọmọ mi, má fòyà. Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tí ìrìn-àjò dá dúró sí Ṣakí. Aláàfin Ọ̀fínràn pàápàá, nígbà tó kúrò nílẹ̀ Ìbàrìbá tó ń padà bọ̀, ìlú wa yìí ló dúró sí. Ó wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ." Ara mi fúyẹ́ díẹ̀. Aláàfin ni mo bá dọ́gba! Mo ní, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i, Bàbá?" Ó ní, "Ó kú ni." Mo ní, "Ó kú?" Ó ní, "Níbí náà ló kú sí." Ó fi aṣọ bò mí dáadáa, ó fẹ́ àtùpà pa, ó lọ sùn.

Ìgbòho di ọjọ́ mìíràn. Igbó Ọba kò sá lọ síbì kan.

Ẹ tún wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń jẹ ìyà yìí, Ìyá Ìbejì ń gbé fọ́tò sórí WhatsApp! Fọ́tò gbogbo wa pẹ̀lú awò dúdú lábẹ́ òkè Adó-Àwáyè, fọ́tò ewúrẹ́ nínú ìkòkò, fọ́tò èmi lórí ẹní, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "Dádì ń sinmi." Kò sí ẹni tó rí àpólò. Ìgbádùn ni wọ́n rí! Ọ̀gá mi kọ̀wé pé, "Ẹ ń jayé o," ó wá kó iṣẹ́ ẹni méjì tó gba ìsinmi kalẹ̀ dè mí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pè, ó fẹ́ yá owó. Obìnrin oníbúrẹ́dì kò kí mi mọ́, ó ní ẹni tó ń wọ awò olówó iyebíye tí kò san owó búrẹ́dì, Ọlọ́run ń wò ó.

Onílé wa ńkọ́? Ọjọ́ tí a dé gan-an, ẹrù ṣì wà nínú bùútù, ó ti wọlé, ó jókòó sórí àga mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ dáadáa, ó ní òun ti rí fọ́tò, inú òun dùn pé ara tu wá, owó ilé ti lé láti oṣù tó ń bọ̀. Mo ní, "Bàbá Onílé, ẹ gbọ́ mi, ìyà la jẹ." Ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín náà. Mo rí i tó nu ojú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rántí owó ilé, mo dákẹ́.

Àná ló tún padà wá. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, awò dúdú wà lójú rẹ̀. Kò jókòó. Ó na ìwé olóògùn kan sí mi: oògùn ojú tirẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, ti ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wá bá wọn ṣọdún láti Ìlọrin, àti owó mọ́tò màmá náà padà. Ó ní kí n fi kún owó ilé.